Ojú Mi Kò Rí Wọn, Wọ́n Ní Mò Ń Gbéraga

Ẹ bá mi júbà obìnrin tó ti kọjá ogójì ọdún tí kì í lo jígí ojú. Akọni ni. Bí àtẹ̀jíṣẹ́ bá wọlé sórí fóònù rẹ̀, á na fóònù náà síwájú títí apá rẹ̀ á fi tán, á fa orí sẹ́yìn bí ẹni tí ejò fẹ́ bù jẹ, á sì kà á tagbáratagbára. Bí apá bá kúrú ju ọ̀rọ̀ lọ, á pe ọmọ rẹ̀ pé kó wá bá òun wo ohun tí wọ́n kọ, iná ilé yìí ò mọ́lẹ̀. Oòrùn ọ̀sán gangan ni. Ní báǹkì, á fọwọ́ sí ibi tí kò yẹ, á sì bínú sí akọ̀wé. Ẹ lè sọ pé ó sanra, kò ní bá yín jà. Ẹ lè sọ pé ọbẹ̀ rẹ̀ kò dùn, á rẹ́rìn-ín. Àmọ́ kí ẹ rí gíláàsì méjì lórí imú rẹ̀, kí ẹ wá fojú àgbà wò ó? Láéláé. Ẹ jẹ́ ká ṣí fìlà fún un.

Irú obìnrin bẹ́ẹ̀ ni mò ń kọ ìwé yìí sí. Gulọkómà ni orúkọ àìsàn tó ṣe mí. N kò lè ṣàlàyé rẹ̀ bíi dókítà, bó ṣe yé mi ni màá ṣe sọ ọ́. Ojú á máa kú láti ẹ̀gbẹ́ wá sí àárín, díẹ̀díẹ̀, kò ní dùn yín, kò ní pọ́n, kò ní ṣepin. Ó dà bí olè tó ń kó ẹrù ilé láti yàrá ẹ̀yìn nígbà tí ẹ jókòó sí pálọ̀ tí ẹ̀ ń wo tẹlifíṣọ̀n. Ìgbà tó bá dé pálọ̀ ni ẹ ó tó mọ̀ pé ó wọlé, èyí tó ti kó lọ kò sì ní dá a padà. Ẹ fi èyí sọ́kàn kí a tó máa lọ, nítorí ìtàn yìí kò parí síbi iṣẹ́ ìyanu.

Ọdún kẹtàdínlógún rèé tí iṣẹ́ ìjọba gbé ọkọ mi wá sí Enugu. New Haven là ń gbé. Ibí la bí Tóbi ọmọ wa sí. Yorùbá rẹ̀ dà bí ọkọ̀ àlòkù, ó ń lọ, ṣùgbọ́n ó ń kanlẹ̀. Èmi ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé gíga kan bí wọ́n ṣe ń kọ̀wé, mo sì máa ń kọ àpilẹ̀kọ ẹ̀fẹ̀ fún ìwé ìròyìn. Àwọn tó ń ṣe bí ẹni tí wọn kì í ṣe, àwọn ni oúnjẹ mi.

Àwa Yorùbá kò pọ̀ nílùú yìí. Ẹgbẹ́ kan náà là ń ṣe, ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí kan náà là ń lọ, kò sí ibi tí a lè sá pamọ́ fún ara wa sí. Níbi tí ilé ti jìnnà báyìí, ìkíni ni ìwé ìrìnnà wa. Ẹni tí kò bá kúnlẹ̀ kí àgbà ní Enugu, kò tún sí ohun tí a fi mọ̀ pé Yorùbá ni.

Ibẹ̀ ni àìsàn mi ti bẹ̀rẹ̀. Ìyàwó alága ẹgbẹ́ ló kọ́kọ́ pe ọkọ mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lẹ́yìn ìsìn, ó ní òun dúró lápá òsì mi títí ẹsẹ̀ fi ń ro òun, mi ò kí òun. Lọ́sẹ̀ kejì, bàbá kan tó ti ń lọ sí ọgọ́rin ọdún fẹjọ́ mi sùn pé mo gba abẹ́ imú òun kọjá bí ẹni tó kọjá òpó iná. Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà fi di ti gbogbo ayé: ìwé tí Ìyá Tóbi kà ti gùn ún lórí. Inú bí mi gan-an, torí mo mọ̀ dájú pé mi ò rí ẹnikẹ́ni. Ohun tí mi ò bi ara mi ni ìdí tí mi ò fi rí wọn.

Nílé, òpó ilẹ̀kùn ń gbá mi léjìká. Mo ní ilé náà há. Mo da omi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ife, mo ní Tóbi ló sún un. Lọ́jọ́ kan mo fẹ́ sọdá títì nítòsí ọjà Gariki nílùú yìí, kéké ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan yọ lápá òsì, díẹ̀ ló kù kó gbé mi. Awakọ̀ náà yọrí síta, ó ní, "Madam, you no dey see?" Mo bú u pé kò ní ẹ̀kọ́ ilé. Nínú gbogbo àwọn tó bá mi sọ̀rọ̀ lọ́dún yẹn, òun nìkan ló béèrè ìbéèrè tó yẹ, èébú ni mo fi dá a lóhùn.

Kàkà kí n lọ ṣàyẹ̀wò, mo wá ọgbọ́n. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kí ohun gbogbo. Bí mo bá ti dé ibi tí Yorùbá bá péjọ sí, ẹnu ọ̀nà ni màá ti kúnlẹ̀, màá sì máa kí sọ́tùn-ún sósì láì wo ojú ẹnikẹ́ni. Mo kúnlẹ̀ kí aṣọ ẹgbẹ́ akọrin tí wọ́n fi kọ́ ara ògiri. Mo kí ẹ̀rọ amúnáwá tí wọ́n da aṣọ bò, mo tiẹ̀ béèrè àwọn ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkọ mi ní mo ti ń ṣe é láṣejù. Ìyàwó alága ní ó dáa bẹ́ẹ̀, ojú ti ń tì mí.

Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ ohun tó ń ṣe mí, Màmá Tíṣà. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin ni nígbà náà, opó, ọ̀gá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó ti fẹ̀yìn tì. Yàrá méjì ló ń gbé ní Coal Camp, láàárín àwọn mẹkáníìkì tó ń bá sọ Ígbò bí ẹni tí wọ́n bí síbẹ̀. Àwa obìnrin tí a ti ń sún mọ́ àádọ́ta ọdún máa ń lọ jókòó sọ́dọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé. A ó kó wàhálà ọkọ, ti ọmọ àti ti ọ̀gá ibi iṣẹ́ lọ, a ó sì gbé ìmọ̀ràn bọ̀. Nínú ọkàn mi mo máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìmọ̀ràn mẹ́ta péré ló ní, aṣọ ló kàn ń pààrọ̀ fún wọn: jẹun kí o tó bínú, má fi ọmọ rẹ jẹ ọkọ rẹ níyà, lọ sùn. Síbẹ̀ mi ò pa Sátidé kan jẹ. Ìgbà tí ìyá mi kú, òun ló bá mi dákẹ́. Gbogbo àwọn yòókù ló ń sọ̀rọ̀.

Òun náà ló máa ń ka ẹ̀kọ́ kìíní ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Sọ́ńdè àkọ́kọ́ nínú oṣù. Á gbé Bíbélì sókè, á kà á láì kọsẹ̀, kò sì lo jígí. Òun la fi ń jẹ́rìí. Bí Màmá kò bá lo jígí ní ọjọ́ orí yẹn, ta ni àwa tí a ó máa lò ó?

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè kan, àlùfáà yí ẹ̀kọ́ náà padà ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà gan-an, torí a fẹ́ dúpẹ́ òrùlé tuntun tí a kàn sí ṣọ́ọ̀ṣì. Èmi ni mo jókòó ti Màmá, èmi ni mo bá a ṣí ojú ìwé tuntun náà, tí mo gbé e lé e lọ́wọ́. Ó dìde, ó tẹjú mọ́ ojú ìwé náà, ó sì ka nǹkan mìíràn: ìdájọ́ gbígbóná lórí ìlú ẹlẹ́ṣẹ̀ kan tí ilé rẹ̀ yóò wó lulẹ̀. Ìjọ pa lọ́lọ́. Ẹnì kan lẹ́yìn ní Ẹ̀mí ló darí Màmá. Káfíńtà tó kan òrùlé náà tẹ orí ba. Lẹ́yìn ìsìn, ìgbìmọ̀ gbé àkàbà, wọ́n lọ yẹ ìṣó wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Èmi nìkan ló mọ̀ pé ohun tó wà níwájú rẹ̀ kọ́ ló kà. Mo sìn ín délé, inú mi ń dùn bí inú ẹni tó rí àpilẹ̀kọ ọ̀sẹ̀ yẹn he. Mi ò tíì mọ bí màá ṣe bẹ̀rẹ̀ tí òun fi bẹ̀rẹ̀.

"O ti mọ̀," ló wí bí ó ṣe jókòó.

"Kí ni mo mọ̀, Màmá?"

"Pé ojú mi ti fọ́. Ọdún kẹfà rèé. Ọmọ ọmọ mi ní Abẹ́òkúta ló máa ń ka ẹ̀kọ́ sórí fóònù fún mi, màá sì há a sórí. Àlùfáà yẹn ìbá tètè sọ fún mi."

Mo rẹ́rìn-ín. Ó jẹ́ kí n rẹ́rìn-ín tán.

"Ìwọ náà ńkọ́? Ẹ̀ẹ̀mẹta lo ti kọjá mi lóṣù yìí láì kí mi. Mo gbọ́ ìró bàtà rẹ. Wọ́n ní ìgbéraga ni, mo ní rárá, mo mọ ìgbéraga ọmọ yìí, ìgbéraga tirẹ̀ a máa kí èèyàn. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ lára mi náà nìyẹn. Ẹ̀gbẹ́ ló kọ́kọ́ lọ. Ọ̀la ni kí o lọ sí ọsibítù. Má sì sọ fún àwọn ará ilé ọkọ rẹ, wọn á fi oyin pa ọ́."

Ẹ̀rín mi gbẹ. Mo wò ó, mo sì rí i pé bí mo bá tẹjú mọ́ ẹnu rẹ̀, mi ò rí ọwọ́ rẹ̀.

Mo lọ sí ọsibítù. Bẹ́ǹṣì gígùn kan ni wọ́n tò wá sí láti ìdájí. Bí ẹni tó wà níwájú bá dìde, gbogbo wa á sún ìdí, bẹ́ẹ̀ la ṣe ń fi ìdí rìn títí ọ̀sán fi pọ́n. Àwọn obìnrin mẹ́ta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, tí ọ̀kan nínú wọn wọ jígí dúdú tó bo ojú àti ẹ̀rẹ̀kẹ́, sọ fún mi pé èèyàn làwọn sìn wá. Mo ní èmi náà, èèyàn ni mo sìn wá. Nígbà tí wọ́n pe orúkọ wa, ẹni tí a sìn wá kò sí, àwa la dìde.

Wọ́n ní kí n gbé àgbọ̀n lé ara ẹ̀rọ kan, kí n máa tẹ bọ́tìnì bí mo bá ti rí iná kékeré. Mo rí méjì, mo rí mẹ́ta. Lẹ́yìn náà mo dúró títí. Mo sọ fún nọ́ọ̀sì pé iná wọn ti lọ.

"Mummy, iná ò lọ," ni ó wí ní Gẹ̀ẹ́sì jẹ́jẹ́.

Mi ò tíì gbọ́ gbólóhùn tó bà mí lẹ́rù tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi.

Dókítà náà, ọmọbìnrin kan tí kò tó àbúrò mi àbíkẹ́yìn, fi bébà hàn mí: ibi tó dúdú ni ibi tó ti kú. Ojú òsì dúdú tán àfi àárín. Ojú ọ̀tún kù tó ìdajì. Ó bi mí bóyá ojú ẹnikẹ́ni fọ́ nínú ìdílé wa. Mo ní rárá. Mo dé ẹnu ọ̀nà kí n tó rántí bàbá mi, tí a ń fà lọ́wọ́ káàkiri àgbàlá ní ọdún mẹ́rin tó gbẹ̀yìn ayé rẹ̀. A ní ogbó ni. Mo padà lọ sọ fún un. Mo wá bi í pé ìgbà wo ni ojú mi máa padà, ó ní kò ní padà. Mo ní kí wá ni oògùn náà fẹ́ ṣe. Ó ní ó ń ṣọ́ èyí tó kù ni, kí n máa kán an lálaalẹ́ títí ọjọ́ ikú mi. Ìgò náà kò tó àtàǹpàkò mi, owó rẹ̀ sì lè bọ́ ilé wa fún ọ̀sẹ̀ kan.

Mo sọ fún ọkọ mi, ọkọ mi sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Àǹtí Ṣadé, ẹ̀gbọ́n náà, wọ ọkọ̀ láti Ìlọrin pẹ̀lú oyin ìgàn nínú ìgò ọtí àti omi àlùbọ́sà nínú ìgò ìkunra. Kò bá mi jà. Ó jókòó tì mí lórí bẹ́ẹ̀dì, ó di ọwọ́ mi mú.

"Ìyàwó wa, o kán tiwọn fún oṣù kan, ṣé o ríran sí i?"

"Rárá, Àǹtí."

"Oògùn tí kì í jẹ́ kéèyàn ríran sí i, oògùn kí nìyẹn? Àwọn ni wọ́n ń ríran, owó yín ni wọ́n ń rí."

Ìyá ọkọ mi pè láti ilé pé kí a wá wàrà ọyàn abiyamọ kún un. Pásítọ̀ kan tí wọ́n mú wá gbàdúrà lé ẹ̀mí ìgbéraga kúrò lórí mi. Èmi tí mo ti kọ àpilẹ̀kọ mẹ́ta láti fi àwọn tó ń kán oyin sójú rẹ́rìn-ín, mo dùbúlẹ̀ gbọọrọ, mo la ojú, mo ní kí wọ́n kán an. Ó ta mí dé ìpàkọ́. Omi dà lójú mi, lẹ́yìn náà gbogbo nǹkan mọ́ gaara fún nǹkan bíi wákàtí kan. Mo kígbe pé mo ti ń ríran. Àǹtí Ṣadé sunkún ayọ̀. Láti ọjọ́ náà mi ò kán oògùn ọsibítù mọ́. Oṣù mẹ́rin gbáko. Ní gbogbo Sátidé, Màmá á bi mí pé ṣé mò ń kán an, màá ní bẹ́ẹ̀ ni.

Lọ́jọ́ kan mò ń lé tìróò níwájú jígí ògiri. Mo di ojú ọ̀tún tí mo ti lé tán, kí n lè lé tòsì. Jígí náà pòórá, èmi tó wà nínú rẹ̀ pòórá, yàrá náà pòórá. Mo ṣí ojú ọ̀tún, gbogbo wa padà dé. Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́ta, bí ọmọdé tó ń tan iná tó ń pa á. Lẹ́yìn náà mo jókòó sílẹ̀, mi ò lé tìróò kankan mọ́.

Coal Camp ni mo gbà lọ. Mo jẹ́wọ́ fún Màmá láti orí oyin títí dé orí irọ́ ọjọ́ Sátidé. Mo rò pé yóò bú mi. Kò bú mi. A ń gbọ́ bí àwọn mẹkáníìkì ṣe ń lu irin níta.

"Oyin ni èmi náà kán," ló wí níkẹyìn. "Ọdún kan àbọ̀. Ojú tì mí láti sọ fún yín. Mo jókòó síbí, mò ń pín ọgbọ́n fún ọmọ ọlọ́mọ, èyí tí ìbá wúlò fún yín ni mo fi pamọ́. Mo rò pé bí mo bá ní kí o lọ sí ọsibítù, ó ti tó."

Mo ní, "Màmá, ẹ ṣáà sọ nípa oyin fún mi lọ́jọ́ yẹn."

"Mo fi ṣe ẹ̀fẹ̀. Ẹ̀fẹ̀ kì í ṣe ìkìlọ̀." Ó na ọwọ́. "Oògùn ọsibítù dà?"

Mo fi ìgò náà sí i lọ́wọ́. Ó fi ìka wá imú mi, ó fi ìka wá ojú ọ̀tún mi, ó sì kán an sí mi lójú láì ṣì í. Láti ọjọ́ náà, bí aago mẹ́jọ bá lù, á pè mí. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló máa ń sọ: "Kán an." Ìgbà tí mo bá kán an tán, á pa fóònù. Kò sí ohun tí òun ń kán sójú ara rẹ̀ mọ́, kò sí èyí tó kù láti ṣọ́.

Sọ́ńdè àkọ́kọ́ tó tẹ̀ lé e, wọ́n gbé Bíbélì fún un bí ìṣe wọn. Ó pa á dé. Ó ní ojú òun ti fọ́ láti ọdún mẹ́fà, orí lòun fi ń ka ẹ̀kọ́, kí ìjọ dárí jì òun. Ó ní, "Bí ẹnì kan bá ń kọjá yín láì kí yín, ẹ yé bú u. Ẹ mú u lọ sí ọsibítù." Lẹ́yìn náà ó yí ojú rẹ̀ sí ibi tí mo jókòó sí, ó dúró. Mo mọ ohun tó ń retí. Gbogbo ìjọ ni wọ́n ti ń pè mí ní agbéraga, gbólóhùn kan ṣoṣo ló kù kí n sọ. Mi ò dìde. Ó dúró títí àwọn akọrin fi bẹ̀rẹ̀ orin, ó sì fọwọ́ wá ìjókòó rẹ̀.

Àwọn kan sunkún. Káfíńtà nìkan ló dúpẹ́ tọkàntọkàn, torí òrùlé rẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ ìdájọ́. Obìnrin méjì péré ló lọ ṣàyẹ̀wò. Àwọn yòókù ní kò ṣe àwọn.

Kò pẹ́ tí àwọn ọmọ Màmá fi wá mú un lọ sí Abẹ́òkúta. Ó ń pè mí láti ibẹ̀ ní aago mẹ́jọ fún bí oṣù méje. Ní ọjọ́ kan fóònù kò dún. Mo jókòó tì í, mo di ìgò oògùn mú, mi ò kán an, bí ẹni pé bí mi ò bá kán an, á pè. Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni ọmọ ọmọ rẹ̀ pè. Màmá sùn, kò jí.

Bí mo ṣe wà nísinsìnyí nìyí. Ojú òsì ti lọ pátápátá. Ojú ọ̀tún ń rí ayé bí ìgbà tí a wà ní kékeré tí a ń fi ihò ọ̀pá ewé ìbẹ́pẹ wo ara wa. Tóbi ló ń ka iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi fún mi. Mò ń kán oògùn ní aago mẹ́jọ, kò sí ẹni tó ń pè. Dókítà ní ihò náà lè dúró bẹ́ẹ̀ fún ọdún púpọ̀, ó sì lè dí. Mi ò gbádùn kí n máa tan ara mi jẹ, mo rò pé yóò dí. Jígí ojú kò lè wo àìsàn yìí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá lọ ra jígí, wọ́n á yẹ ojú rẹ̀ wò, ibẹ̀ ni wọn ì bá ti ká olè náà mọ́ yàrá ẹ̀yìn. Bí òbí yín bá fọ́ lójú, ẹ má dúró de ìrora, kò ní wá. Bí oògùn kò bá jẹ́ kí ẹ ríran sí i, ẹ má dá a dúró. Ẹ má kán oyin.

Nígbà tí ṣọ́ọ̀ṣì fẹ́ ṣe ìrántí Màmá, alága ní kí n wá ka ẹ̀kọ́ kìíní. Ó ní èmi ni mo sún mọ́ ọn jù, àti pé ojú mi ṣì mú, mi ò lo jígí. Ǹ bá ti sọ òtítọ́ fún un níbẹ̀. Mo ní kò burú. Odindi ọ̀sẹ̀ ni Tóbi fi ń kà á fún mi, ó ń kọsẹ̀, mò ń tún un ṣe fún un, títí mo fi há a sórí. Lọ́jọ́ náà mo gbé Bíbélì sókè. Mò ń yí ojú láti òsì sí ọ̀tún bí ẹni tó ń tẹ̀ lé ìlà, mo sì ṣí ewé kan níbi tó yẹ kí wọ́n ṣí i. Mi ò kọsẹ̀.

Bí mo ṣe jókòó, ìyàwó alága sọ fún ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ pé, "Ẹ wo Ìyá Tóbi, ojú rẹ̀ kò tíì ní àbùkù kankan." Mo kúnlẹ̀ díẹ̀ sí apá ibi tí ohùn náà ti wá, mo dúpẹ́.

Ohun tí Màmá ṣe fún ọdún mẹ́fà, tí mo fi rẹ́rìn-ín, tí ó bẹ ìjọ kí wọ́n dárí jì í, èmi náà ṣe é.